Àga Tí Kò Ní Ìṣó

Orí ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan gbé àga kan lé, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta na sókè ọ̀run, ó sì mú ẹ̀kẹrin tó ti kán lọ́wọ́ bí ọ̀pá. Láàárín àwọn ọkọ̀ tó ń pe èrò Èkó ní ibùdókọ̀ Kútọ̀, gbogbo ènìyàn ń yà fún un. Ìbòrí rẹ̀ aláwọ̀ búlúù ti yọ̀ wá sí ọrùn, òógùn bo ojú rẹ̀, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Bándélé, ọmọ Ògúntìmẹ́hìn, tó ń fá pákó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, dá ọwọ́ dúró. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà, kò tíì rí ẹni tí ìbínú yẹ tó báyìí.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà sọ àga náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin káfíńtà ìlú yìí, ṣé àga tí ènìyàn ń jókòó sí lẹ̀ ń ṣe, àbí èyí tí ènìyàn ń ti orí rẹ̀ ṣubú?"

"Kì í ṣe èmi ni mo ṣe èyí."

"Mo mọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é ni mo ti ń bọ̀. Ó ní kí n lọ ra ìṣó sí i."

Sìlífátù ni orúkọ rẹ̀. Tíṣà ni, àkọ́bí Alhaji Sàlàhúdíìnì tó ń ta aṣọ ní Ìtòkú. Ó ròyìn fún Bándélé pé ọdún tó kọjá, ọdún 1980, ni àrùn ẹ̀gbà mú bàbá òun ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Láti ìgbà náà, bí Alhaji bá fẹ́ dìde, apá ọ̀tún àga ló máa ń fi gbogbo ara tẹ̀. Àga mẹ́ta ti bàjẹ́. Ìkẹta yìí fọ́ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lójú àwọn tó wá kí i. Láti ọjọ́ náà, Alhaji kò jáde sí pálọ̀ mọ́. Ó kọjú sí ògiri nínú yàrá, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé yìí ni ohùn rẹ̀ yí padà, Bándélé sì rí ohun tó wà nísàlẹ̀ ìbínú náà.

Bándélé ṣàlàyé fún un pé níbi tí ìwúwo bá ti ń tẹ ojú kan lójoojúmọ́, ṣe ni ìṣó máa ń fẹ ihò ara rẹ̀ títí yóò fi yọ. Ohun tí àga Alhaji ń fẹ́ ni kí a gbẹ́ ihò sínú igi kan, kí a gbẹ́ ahọ́n sí orí èkejì, kí a fi ahọ́n náà há inú ihò pinpin, tí ojú kò fi ní rí ọ̀kankan nínú méjèèjì láti ìta. Baba Herbert ti Aké, ọ̀gá rẹ̀, ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n yìí. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kì í ní sùúrù fún un.

"Ṣé yóò gba àsìkò?" ni Sìlífátù bèèrè.

"Ó dọwọ́ bí mo bá ṣe mọ ẹni tó fẹ́ jókòó sí i tó."

Ní ọjọ́ kejì, Bándélé mú téèpù lọ sí Ìtòkú. Alhaji wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní òkú ni káfíńtà máa ń wọ̀n lórí ìdùbúlẹ̀, àti pé àwọn Mùsùlùmí kì í fi pósí sin òkú tiwọn, kí ó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe di ti Sìlífátù. Nígbà tí Alhaji bá ń sùn lọ́sàn-án, ó máa ń fi okùn tínrín wọ̀n ọ́n, á sì ta kókó sí i: ti ojúgun, ti itan, ti ìgbúnwọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí, ó di Kútọ̀.

Ohun tí okùn kò lè sọ, ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Yóò jókòó lórí pákó, yóò wọ́ ẹsẹ̀ òsì, yóò fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, yóò sì dìde pẹ̀lú ìrora bíi ti bàbá rẹ̀. Bándélé á fi pẹ́ńsùlù há etí, á máa wò ó.

"Tún un ṣe," ni Bándélé wí.

Ó tún un ṣe. Ní ìgbà kẹta, ó rẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá Bándélé, ṣé iṣẹ́ lẹ̀ ń wò ni, àbí èmi?"

"Méjèèjì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan ni mo máa gba owó lé lórí."

Igi apá, igi líle, ni Bándélé yàn. Ó ṣe apá ọ̀tún àga náà nípọn ju ti òsì lọ, ó fà á síwájú kí ọwọ́ lè rí i dì mú, ó sì gbé ibi ìjókòó sókè ju bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ọkàn òun fúnra rẹ̀ kò ní ibi ìjókòó mọ́. Bí aago méjì bá lù tí kò rí ìbòrí búlúù lójú títì, irin tó fi ń gbẹ́ ihò kò ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó gbẹ́ ahọ́n kan tínrín jù, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Igi kò jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ kan, Sìlífátù bá a di igi mú bó ṣe ń gbá apá ọ̀tún náà wọlé. Ìró òòlù yí padà, ó wá ki: ahọ́n ti dé ìdí ihò. Sìlífátù fi ìka tọ ibi tí igi méjèèjì ti pàdé, kò rí ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ Bándélé wà, kò sì kúrò níbẹ̀.

"Sìlífá," ni Bándélé wí, "bí àga yìí bá parí, kí ni yóò tún máa mú ọ wá síbí?"

"Ẹ má tètè parí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ dé etí Alhaji. Mọ́nsúrù, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ta àga olófóòmù láti òkè òkun ní Èkó, ti rán ènìyàn wá bèèrè Sìlífátù, Alhaji kò sì kọ̀. Nígbà tó wá gbọ́ pé ọmọ Ògúntìmẹ́hìn ará Ọ̀dẹ̀dá, tó ń bọ Ògún lọ́dọọdún, ni káfíńtà náà, ó ní ẹsẹ̀ ọmọ òun kò gbọdọ̀ tẹ ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Sìlífátù kọ lẹ́tà kékeré kan: "Wọ́n ti kọ̀. Mi ò lè mú wọn bínú nínú àìsàn yìí. Mi ò sì rí oorun sùn. Ẹ forí jì mí."

Orí ìdúró ni Bándélé ti kà á. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò lè jókòó, kò lè jẹun tán. Ó lọ sí ibùdókọ̀ bí ẹni tó ń lọ Èkó, ó padà. Ó tú àga náà palẹ̀, ó tún un tò, ó tún tú u. Ó gbìyànjú láti tà á, àwọn tó jókòó sí i ní ó ga jù, pé apá kan rẹ̀ wúwo. Ó yé e nígbà náà pé ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹnì kan ṣoṣo ni àga yìí lè bá lára mu, ẹni náà kò sì fẹ́ rí òun. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, ó fi epo ra á, ó sì fi ọmọláǹkẹ́ gbé e ránṣẹ́ sí Ìtòkú láìsọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn.

Sìlífátù ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un lẹ́yìn náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni àga náà fi wà ní pálọ̀ tí Alhaji kò wò ó. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí wọ́n pe ìrun Àlásárì, Alhaji rò pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé, ó rọra fi ọwọ́ tọ ògiri jáde, ó jókòó. Ó tẹ apá ọ̀tún, ó dìde. Àga náà kò dún. Ó tún jókòó, ó tún dìde. Sìlífátù wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji ránṣẹ́ pe Bándélé. Bándélé dọ̀bálẹ̀, Alhaji sì bi í léèrè ibi tí ìṣó wà. Ó ní kò sí.

"Tú u, kí n wò ó."

"Bí mo bá tú u báyìí, Bàbá, mo bà á jẹ́ nìyẹn."

Alhaji ń fi ọwọ́ ra apá àga náà. "N kò jẹ́ kí o wọ̀n mí. Ta ló sọ ibi tí ọwọ́ mi ń dì mú fún ọ?"

"Sìlífátù ni, sà."

"Gbogbo ohun tó sọ ni o ṣe?"

"Kò sí èyí tí mo yọ sílẹ̀."

Alhaji tún fi ọwọ́ tẹ apá ọ̀tún náà. "Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí," ló wí. "Ohun tí a máa ń sọ fún un ni pé kí ó lọ jókòó. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí tó gbọ́ tirẹ̀ délẹ̀."

Ó ní òun yóò dá ọ̀rọ̀ Mọ́nsúrù padà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òun kò lè fò kọjá: lemọ́mù ni yóò so yìgì ọmọ òun, Bándélé yóò sì kọ́kọ́ ṣe kálímá ṣàhádà, kí ó di Mùsùlùmí.

Inú Bándélé dùn, ẹ̀rù sì bà á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀dẹ̀dá. Ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń kọ ebè, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ògúntìmẹ́hìn kọ́kọ́ kọ ebè náà tán. Ó wá ní, "Irin ni o fi ń jẹun. Ibi yòówù kí o ti máa kírun, irin Ògún náà ni yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ. Kò ní bá ọ jà, èmi náà kò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ńkọ́? Ṣé yóò lè wọ ilé mi?"

Bí Bándélé ṣe gbọ́ ọ ló ṣe sọ ọ́ fún Sìlífátù. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, Sìlífátù múra, ó ní kí wọ́n máa lọ sí Ọ̀dẹ̀dá.

Màrìwò Ògún wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Ògúntìmẹ́hìn. Sìlífátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ó sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. Bàbá náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Wọ́n ní àga lẹ fi mọ ara yín," ló wí. "Àga lo fẹ́ ni, àbí ọmọ mi?"

"Àga ti wà nílé wa, Bàbá. Ọmọ yín gan-an ni mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín."

Ògúntìmẹ́hìn wo ọmọ rẹ̀, ó tún wo Sìlífátù. "Ọkùnrin ni mo mọ̀ tó máa ń wá tọrọ obìnrin."

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè fara balẹ̀ dúró de Bùọ̀dá Bándélé mọ́."

Ẹ̀rín pa bàbá náà lójijì, ó sì ní kí wọ́n bu omi wá fún ìyàwó òun.

Kí iṣu tuntun tó jáde, Bándélé ti ṣe kálímá, wọ́n sì ti so yìgì wọn ní Ìtòkú. Nígbà tí lemọ́mù ń bi Sìlífátù léèrè bóyá ó gbà láti fẹ́ Bándélé, kò dúró kó bèèrè tán kó tó ní òun gbà.