Ẹnu Ìyá Ni Wọ́n Ń Ṣọ́

Aránṣọ kan tún ti fa bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ó tú ìrọ̀rí, ó gbọn bàtà, ó tọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù tí ìyá ń wọ̀ lọ sí ilé ìsìn. Kò rí ohun dídùn kankan tó ní ìyá ń jí jẹ. Ó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n jí náà ló mọ̀ ọ́n pa mọ́. Àwọn ará ilé ti sọ ọ́ ní Kọ́sítọ́ọ̀mù.

Oṣù kẹta rèé tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ti kọ̀, tí kò wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ń lo oògùn, oúnjẹ tí wọ́n sì yàn fún un ló ń jẹ. Bàtà dá egbò sí i ní ìka ẹsẹ̀, egbò kò jinná. Dókítà ní bí ṣúgà kò bá wálẹ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má gé ìka náà.

Ìbẹ̀rù yìí ló sọ ọmọ di ọlọ́pàá. Ojú àwọn oníbàárà tó wá gba aṣọ ló ti ń pe ìyá rẹ̀ ní ọ̀kánjúwà. Ìyá á kàn máa wolẹ̀. Oorun ti dá lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò nílé ìwòsàn, ìyá kò tíì fi nǹkan kan ẹnu, síbẹ̀ ṣúgà ròkè. Aránṣọ rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun bi í ní ohun tó jẹ.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí ìyá. "Mọ́mì, kí lẹ gbọ́ láàárọ̀ yìí?"

Ìyá fi ojú tọ́ka sí ọmọ rẹ̀. "Ó ní bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ mi, kí n má pe òun. Ohun tí mo jẹ nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì wá là á yé ọmọ. Bí ẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ bá bá èèyàn, ọpọlọ á ṣe bí ẹni pé ogun dé. Á gba ojú iṣan ránṣẹ́ káàkiri ara, omi kan á sì tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti orí kíndìnrín. Ẹ̀dọ̀, tó jẹ́ àká ṣúgà, á ṣílẹ̀kùn, kí ẹsẹ̀ lè rí agbára fi sáré. Lára ẹni tó dá ṣáṣá, ṣúgà yẹn á padà wálẹ̀. Lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, á jókòó síbẹ̀. Àìsùn ń dá kún un, egbò tó ń ṣọyún náà ń dá kún un.

"Oúnjẹ ṣe pàtàkì o," ni nọ́ọ̀sì wí, "àmọ́ ẹnu ìyá yín nìkan lẹ̀ ń ṣọ́, àǹtí. Ẹ ò ṣọ́ tiyín."

Wọ́n yí oògùn padà, aránṣọ rẹ ohùn sílẹ̀, ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ ti dúdú. Wọ́n gé e.

Ọmọ kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ìyá ní òun ti dárí jì í, nítorí Ọlọ́run pa á láṣẹ. Síbẹ̀ títí dòní, bí ọmọ bá ti wọlé, ìyá á kọ́kọ́ la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì fún un, kó rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fi aláìsàn sí níkàáwọ́, bí ṣúgà ẹni yín bá ròkè tí ẹ ò mọ ìdí, ẹ má dá oògùn dúró, ẹ má sì pè é lólè. Ẹ bi í bó ṣe sùn àti ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kí ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ tètè bá a sọ̀rọ̀ ìtùnú. Ọlọ́run a máa dárí jini, ìka ẹsẹ̀ kì í hù padà.