Ife Omi Tí Àpínkẹ́ Dà Nù

Àpínkẹ́ ń fa omi ní kànga bàbá rẹ̀ ní Ijoku, ní Ṣàgámù, òógùn ń dán lọ́rùn rẹ̀, nígbà tí Lánípẹ̀kun, òṣìṣẹ́ ìlera, gbé ìgò àyẹ̀wò dé. Ọkùnrin náà kàn dúró, ó ń wò ó.

"Ṣé omi lẹ wá bù, àbí èmi lẹ wá wò?"

"Omi ni. Ẹ má bínú, mo ti gbàgbé."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ wọn. Kí oṣù tó parí, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má fojú kan ara wọn lóòjọ́.

Àfi bí èsì àyẹ̀wò ṣe dé: kòkòrò àrùn onígbáméjì wà nínú omi náà. Bàbá Afọláyan, bàbá Àpínkẹ́, fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ṣálángá fún àwọn ayálégbé, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré sí kànga. Ọmọ méjì ládùúgbò ti wà nílé ìwòsàn. Lánípẹ̀kun ní kí wọ́n ti kànga pa. Bàbá ní láéláé, bàbá òun ló gbẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ tí Lánípẹ̀kun wá sọ pé òun fẹ́ Àpínkẹ́, Bàbá pe àwọn àbúrò rẹ̀ jọ, ó bu omi sí ife.

"Ẹni tó bá máa fẹ́ ọmọ mi, á mu omi ilé mi."

Tí kò bá mu ún, kò síyàwó. Tó bá mu ún, gbogbo àdúgbò á ní omi náà dára. Ìfẹ́ burú o, ọmọkùnrin náà nawọ́. Àpínkẹ́ gba ife, ó dà á sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó wá kúnlẹ̀.

"Ẹ bínú sí mi, Bàámi. Ó sàn ju kí n sin òkú rẹ̀ lọ."

Inú bí Bàbá, ó bu òmíràn, ó sì gbé e mu fúnra rẹ̀. Ó lé Lánípẹ̀kun jáde.

Lọ́jọ́ kẹta, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì dá Bàbá dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Lánípẹ̀kun nìkan ni Àpínkẹ́ pè. Ọkùnrin náà pọn Bàbá jáde sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ń fi ṣíbí bu omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí i lẹ́nu títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Odidi ọjọ́ méjì, ọkàn Àpínkẹ́ ò balẹ̀.

Nígbà tí Bàbá padà dé, ìdí kànga ló kọ́kọ́ lọ. Ó gba àgádágodo lọ́wọ́ Lánípẹ̀kun, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ti kànga pa, ó sì fún Àpínkẹ́ ní kọ́kọ́rọ́.

"Sọ fún àwọn èèyàn ẹ kí wọ́n wá tọrọ ìyàwó," ó ní fún Lánípẹ̀kun, kò gbójú sókè. "Kí wọ́n gbé omi dání."