Fóònù Ní Ilé Tutù

Ìyá Ẹlẹ́dìyẹ ṣí ilẹ̀kùn, ooru gbá a lójú bí ẹni ṣí ìkòkò tó ń hó. Adìyẹ rẹ̀ ti kú sílẹ̀ yánayàna, wọ́n la ẹnu, òmíràn gun òmíràn lẹ́bàá omi. Fáànù kò yí. Aṣọ ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ ilé kò ká sókè. Ó wo fóònù rẹ̀. Fóònù ní: "Ilé tutù. Ara tù wọ́n."

Àwọn adìyẹ yìí ni ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Kò ní òmíràn.

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Aláìníwáyà ló ta ẹ̀rọ náà fún un. Ó ní àpótí kékeré ara ògiri á mọ ooru, á ránṣẹ́ sí fóònù, á tan fáànù fúnra rẹ̀, láìsí wáyà. Ó tan fáànù lójú rẹ̀ lóòótọ́. "Màmá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ẹ lọ bá ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ yọ̀." Ìyá sì lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀; ìgbà tó dé ló bá òkú adìyẹ.

Ìyá sáré dé ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà. Aláìníwáyà rí i, ó fò sórí alùpùpù. Ìyá di ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ló já sí i lọ́wọ́.

"Sá lọ," ó ní. "Ọ̀kánjúwà rẹ á dá ọ padà."

Àbúrò Ìyá, obìnrin, ló fi nọ́ńbà mìíràn pe Aláìníwáyà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé adìyẹ. Ẹ̀rọ yín ni mo fẹ́."

Aláìníwáyà dé ilé adìyẹ àbúrò náà lọ́sàn-án gangan, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe kan àpótí mọ́ ògiri tán, ilẹ̀kùn padé gbàgà. Wọ́n tú aṣọ ọ̀rá sílẹ̀ yí ilé ká. Oòrùn ń jó páànù òrùlé.

"Ta nìyẹn?"

"Oníbàárà rẹ àtijọ́." Ìyá Ẹlẹ́dìyẹ ni. Ọlọ́pàá obìnrin kan dúró tì í.

"Màmá, ẹ ṣí i! Ooru ń pa mí!"

"Irọ́ lo ń pa. Àbúrò mi, kí ni fóònù wí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó ní ilé tutù. Ara tù ú."

"O gbọ́? Jókòó, kí o gbádùn."

Aláìníwáyà gun àjà, ó yọ orí láti abẹ́ òrùlé. Ìyá fi ìgbálẹ̀ lù ú lórí. "Padà síbi tó tutù!"

Kò pẹ́, wọ́n gbọ́ fáànù tó ń yí.

Ọlọ́pàá wo fóònù. "Ó ṣì ń sọ pé ilé tutù. Ta wá ló tan fáànù?"

Ó yọjú láti ihò ilẹ̀kùn, ó rí Aláìníwáyà tó ń sáré ti nǹkan bọ àpò.

"Kí ló wà lápò rẹ?"

"Kò sí nǹkan kan, ọ̀gá."

Ìyá lọ pa iná ilé látìta. Fáànù dúró. "Tún un tàn báyìí."

Aláìníwáyà yọ rìmóòtù kan lápò, ó tẹ̀ ẹ́ títí, fáànù kò yí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ilẹ̀kùn.

"Bátìrì lásán ló wà nínú àpótí! Rìmóòtù àpò mi ni mo fi ń tan fáànù lójú àwọn oníbàárà! Èmi ni mo ṣe fóònù kó máa sọ pé ilé tutù nígbà gbogbo!"

"Adìyẹ mi ńkọ́?"

"Èmi ni mo pa wọ́n! Màmá, ẹ ṣàánú mi!"

Ọlọ́pàá ṣílẹ̀kùn, ó sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí fèrèsé. Ìyá gbé fóònù sí i lójú.

"Ó ní ara tù ọ́."

Wọ́n ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti alùpùpù rẹ̀, wọ́n sì fi san owó tó gbà lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó tàn jẹ. Ìyá ra òròmọdìyẹ. Nígbà tí oòrùn mú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká aṣọ ọ̀rá sókè. Atẹ́gùn wọlé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó mí kanlẹ̀.