Ìtumọ̀ Karùn-ún

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún, ni mo kọ́kọ́ rí i. Òjò winniwinni ń rọ̀, kò sì sí atẹ́gùn. Alágbàfọ̀ ni mí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Òun ni tíṣà tó ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́sàn-án.

Ó kọ "take off" sójú pátákó, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

"Tíṣà, èwo ni ká wá dì mú níbẹ̀?" ni mo bi í.

"Gbogbo rẹ̀ ni, bọ̀dá alágbàfọ̀. Àbí ẹyọ aṣọ kan lẹ máa ń fọ̀ lójúmọ́?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni ọkàn mi fà sí i.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, ó ti ń pè mí ní adúmáadán òun. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò ní fa ọmọ òun lé ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń há lọ́fun lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ni bàbá bá ní kí n wá ṣe ìdánwò ní pálọ̀ òun: ìtumọ̀ "take off" márùn-ún. Bí mo bá yege, òun yóò fọwọ́ sí i.

Mo dúró níwájú rẹ̀ bí arúfin. Mo ní ó lè jẹ́ kí èèyàn bọ́ bàtà. Ó lè jẹ́ kí bàálù gbéra nílẹ̀. Ó lè jẹ́ kí èèyàn bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, tàbí kó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́.

"Ìkarùn-ún ńkọ́?"

"Kí èèyàn máa sín ẹlòmíràn jẹ, sà."

Ó rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Irọ́. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Padà sídìí ọṣẹ rẹ, ọ̀gbẹ́ni."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé, síbẹ̀ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé èmi ni mo ṣì í. Àmọ́ mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Òótọ́ ni mo sọ."

Olólùfẹ́ mi dìde, ó nawọ́ sí díkíṣọ́nárì tó wà lórí pẹpẹ.

"Fi í sílẹ̀ ńbẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Nínú ilé yìí, èmi ni díkíṣọ́nárì."

"Bàbá mi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ká máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó ṣí i, ó kà á sókè. Ó wà níbẹ̀ kedere.

Ìyá rẹ̀ fi ìborùn bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Bàbá kọjú sí fèrèsé. "Ó yege. Síbẹ̀, n kò ní fọwọ́ sí i."

"Ẹ ti ṣèlérí, sà," ni mo wí.

"Mo yí i padà."

Ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ mi mú níṣojú rẹ̀. "Kò burú, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ bí mi, n kò sì ní ṣíwọ́ bíbọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò parọ́ fún mi rí, kódà níbi tí irọ́ ti lè gbà á là. Òun ni mo máa fẹ́. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, inú mi á dùn. Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, èmi náà ní ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé."

A ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni akọ̀wé kọ́ọ̀tù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àti èèyàn mọ́kànlá láti kíláàsì wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà wọ́n. Ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Sálúbàtà inú ilé ló wọ̀ wá, nítorí ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ kí aládùúgbò. Bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀.