Màmá Anna Kì í Ṣe Ọmọ Ọba

"Ànú, sọ pé ilé ọba ni Màmá Àgbà rẹ ti wá," Àǹtí Adérónkẹ́ wí, bí wọ́n ti ń lọ aṣọ dúdú tí ọmọbìnrin náà yóò wọ̀ lọ sí ìsìn ìkẹyìn. "Ta ni yóò wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Skọ́tlándì lọ wádìí?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ànúolúwapọ̀. Ìyá ìyá rẹ̀, Màmá Anna, ti jáde láyé nínú ilé wọn ní Largo, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, Ànú ni wọ́n sì ní kó sọ ìtàn ìgbésí ayé wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àǹtí Adérónkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ti pe dókítà, wọ́n ti pe lọ́yà, wọ́n ti pe àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn wá síbi ìsìn náà.

"Ṣùgbọ́n Àǹtí, iṣẹ́ ẹja ni Màmá Àgbà ṣe nígbà èwe wọn."

"Mo mọ̀. Ṣé gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ?"

Kíkẹ́lọmọ, ọmọ Àǹtí, tí òun àti Ànú jọ wà ní kíláàsì kan náà, bú sẹ́rìn-ín. "Tí o bá sọ ti ẹja yẹn, tó bá fi máa di Mọ́ńdè, gbogbo ilé-ìwé á ti gbọ́. Ọmọ ẹlẹ́ja ni wọ́n á máa pè ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ànú lára ju ti Àǹtí lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀ṣì ní Glenarden kún fọ́fọ́. Ànú dúró níwájú ìjọ.

"Ọmọ ilé ọba ni Màmá Àgbà mi ní Skọ́tlándì," ó bẹ̀rẹ̀. "Ilé wọn tóbi, ìránṣẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀."

Àwọn èèyàn ń mi orí. Àǹtí Adérónkẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà náà ni Ànú rí Bridget, ìyá rẹ̀, lórí ìjókòó iwájú. Ìyá rẹ̀ kò bínú. Ó kàn ń wo àwòrán Màmá Anna lórí pósí bí ẹni tí wọ́n ní kó wá sin òkú olókùú.

Ànú ká ìwé ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí," ó sọ níkẹyìn. "Irọ́ ni mo pa. Màmá Àgbà kì í ṣe ọmọ ọba. Àwọn gan-an ni ìránṣẹ́ tí mo ń wí."

Ó wo àwòrán orí pósí náà, ó ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n nígbà tí wọ́n ti ń la inú ẹja ṣáwá létí òkun, nínú òtútù. Wọ́n á wé àkísà mọ́ ìka, síbẹ̀ ọ̀bẹ á gé wọn, iyọ̀ á sì wọ ojú egbò. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n dá nìkan wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Amẹ́ríkà, wọ́n ń fọ ilẹ̀ nílé onílé. Nígbà tí ọkọ tí wọ́n fẹ́ níbí kú, wọ́n lọ ń tọ́jú adìyẹ ní oko ìjọba ní Beltsville, ibẹ̀ ni wọ́n ti rán ìyá mi lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ìyá mi mú bàbá mi, ọmọ Ìbàdàn, wálé, àwọn aládùúgbò ò kí Màmá Àgbà mọ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbé àga méjì síwájú ilé, wọ́n ní kí bàbá mi wá jókòó ti àwọn, kí gbogbo àdúgbò lè rí wọn dáadáa! Wọ́n bu ọ́ọ̀tì, oúnjẹ àárọ̀ àwọn ará Skọ́tlándì, fún bàbá mi, iyọ̀ ni wọ́n fi sí i dípò ṣúgà. Bàbá mi sì jẹ ẹ́ tán."

Fúnṣọ́, bàbá rẹ̀, ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì nu ojú.

"Ọwọ́ tó la ẹja yẹn ló wẹ̀ fún mi nígbà tí wọ́n bí mi. Mi ò ní fi Màmá Àgbà mi pààrọ̀ ọba kankan."

Bridget dìde. Kò sunkún, kò pàtẹ́wọ́. Ó dúró gbọnrangandan títí ọmọ rẹ̀ fi padà wá jókòó tì í.

Àǹtí Adérónkẹ́ kò dúró jẹun. Fún ìgbà pípẹ́, wọn kò pe ilé Fúnṣọ́ lórí fóònù. Ní ilé-ìwé náà, àwọn kan ń pe Ànú ní ẹlẹ́ja lóòótọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni yóò dáhùn, "ẹja ló gbé wa débí." Nígbà tó yá, ó sú wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, Àǹtí àti Kíkẹ́lọmọ ṣàdédé yọ sí ilé Fúnṣọ́.

"Kíkẹ́, jókòó," Àǹtí wí. "Mo ti ń sọ fún yín pé báńkì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé àwọn arúgbó ni. Èmi ni mò ń nu ìdọ̀tí wọn, èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn. Ojú ló ń tì mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ Ànú ní ṣọ́ọ̀ṣì kò kúrò lọ́kàn mi."

Kíkẹ́lọmọ sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé orí lé èjìká wọn. "Mọ́mì, kò yẹ kí ojú tì yín. Ẹ sọ ìyókù fún mi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe wá iyì lọ sí ilé tí wọn kò bí yín sí. Làálàá àwọn tó tọ́ wa dàgbà ni ọlá wa, bó ti wù kí iṣẹ́ wọn kéré tó lójú ayé. Ẹni tó bá sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́.