Ohùn Béèsì Tó Ṣáájú Ọwọ́

Ojú mi ló ṣe. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, mi ò sì mu ju tíì lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè wá bi mí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkẹ́rẹ́.

Sátidé ni. Kò tíì tó aago mẹ́jọ tí fóònù mi dún.

"Ọmọ́lẹ́wà, ampilifáyà mi kú. Mo gbọ́dọ̀ fi orin ránṣẹ́ kó tó di aago márùn-ún òní. Tí mi ò bá fi ránṣẹ́, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò mi."

Bọ̀dá Ládépọ̀ ló ń pè láti Ìṣẹ́. Ẹ lè má mọ̀ wọ́n. Àwọn òyìnbó mọ̀ wọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́ gìtá béèsì, èyí tó ní okùn mẹ́rin, tó máa ń dún wúwo nísàlẹ̀ orin. Nígbà tí wọ́n dé Èkó, wọ́n bọ́ sínú ẹgbẹ́ tó ń kọ hẹ́fì mẹ́tàlì, orin líle tí olórin á máa ké bí ẹni tí iná ń jó. Àwọn ará ilé ní orin èṣù ni. Wọ́n gba ibẹ̀ dé Jámánì, wọ́n lo ọdún mọ́kànlá pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan níbẹ̀, títí ariwo fi di etí ọ̀tún wọn pa. Ìyẹn ló dá wọn padà wálé lọ́dún tó kọjá. Àmọ́ ẹgbẹ́ náà kò tíì fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n á fi orin ránṣẹ́ sí Ìṣẹ́, Bọ̀dá Ládépọ̀ á ta béèsì sí i, wọ́n á fi ránṣẹ́ padà.

Èmi ò kàwé púpọ̀. Ọ̀gá mi Fọlọ́runṣọ́ ló kọ́ mi níṣẹ́ sípíkà àti ampilifáyà fún ọdún mẹ́rin. Ohun tí mo mọ̀, ọwọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Mo dé ibẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Yàrá tí bàbá wọn ń kó kòkó sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Òórùn kòkó ò tíì kúrò lára ògiri. Mọ́mì wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, káàbọ̀. Tí o bá lè bá mi ba nǹkan yẹn jẹ́ pátápátá, màá gbààwẹ̀, màá sì gbàdúrà fún ọ."

"Mọ́mì, mò ń gbọ́ yín o," ni Bọ̀dá Ládépọ̀ wí láti inú yàrá.

"Etí wo lo fi gbọ́ ọ?"

Mo tú ampilifáyà. Kapásítọ̀ kan, èyí tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú rẹ̀, ti wú, ó ti bẹ́. Mo yọ ọ́, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó tuntun mọ́ ibẹ̀. Kò gbà mí tó wákàtí kan. Mo tan án. Ó kùn díẹ̀. Ó dáa.

Bọ̀dá Ládépọ̀ gbé gìtá kọ́rùn. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

Sípíkà dún.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ wọn sọ̀ kalẹ̀.

Mo rò pé ojú mi ni. Mo ní kí wọ́n tún un ta. Sípíkà dún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìka wọn kan okùn.

"Ọmọ́lẹ́wà, kí lo ṣe sí i?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, sà."

Mo mọ ohùn tó máa ń pẹ́. Tí kọ̀ǹpútà bá ń wọ́, ohùn á gbẹ́yìn ọwọ́. Mi ò mọ ohùn tó máa ń ṣáájú. Mo yọ wáyà gìtá. Ó dákẹ́. Mo dá wáyà náà padà sí i. Ó tún ń dún. Mo fi ìka kan okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n tutù.

Mo fi fóònù ka iye àkókò tí ohùn fi ń ṣáájú ọwọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Nígbà tó yá, ogún. Nígbà tó fi máa di aago méjìlá, ó ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mọ́mì ké sí wa. "Uṣu ti jinná o!"

A lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Bọ̀dá Ládépọ̀ bu iṣu sẹ́nu. Inú yàrá bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Orin tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ náà ni, ó ń sáré bọ̀, fèrèsé ń gbọ̀n. Àwọn adìẹ sá kúrò lábẹ́ ògiri.

Mọ́mì wo ọmọ wọn. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà.

"Ládépọ̀, ta ló wà nínú ulé?"

"Kò séèyàn, Mọ́mì."

"Ta ló wá ń ta á?"

Bọ̀dá Ládépọ̀ yíjú sí fèrèsé. Iṣu wà lẹ́nu wọn, wọn ò jẹ ẹ́.

Láàárín orin náà, ohùn kan ṣìnà. Ó já bọ́, ó dúró díẹ̀, ó tún ń bá eré lọ. Ó parí.

A wọlé. Kò sí ẹnì kankan. Bọ̀dá Ládépọ̀ gbé gìtá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ohun tá a gbọ́ níta ni ìka wọn ń tẹ̀ lé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sípíkà ò dún rárá. Ó ti dún tirẹ̀ tán. Nígbà tí wọ́n dé àárín, Mọ́mì ṣí ilẹ̀kùn gbàà. Bọ̀dá Ládépọ̀ ta gìrì. Ìka wọn ṣìnà.

Ibẹ̀ gan-an ni.

Mọ́mì rọra jókòó sórí símẹ́ǹtì.

Kọ̀ǹpútà tó so mọ́ ampilifáyà ti gba orin náà sílẹ̀ látìgbà tá a ti wà nídìí iṣu. Òun la fi ránṣẹ́. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni. Èsì dé kíákíá: ẹgbẹ́ náà ní kò sí èyí tó dáa tó o nínú gbogbo èyí tí Bọ̀dá Ládépọ̀ ti ń ṣe bọ̀, àwọn ò sì ní yọ àṣìṣe àárín yẹn. Bọ̀dá Ládépọ̀ rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ wọn ò bọ́. Èmi ti ń kó irinṣẹ́ mi.

Sípíkà tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó rọra ń dún. Kì í ṣe orin líle.

"Ẹ mọ orin yìí, sà?"

"Mi ò tíì ta á rí."

Mo gbà á sórí fóònù mi. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Ó dùn débi pé omi bọ́ lójú Mọ́mì. Kò parí. Ó gé láàárín ohùn kan. Lẹ́yìn náà, gbàm. Ẹni tí gìtá bá ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí pẹ̀lú wáyà lára rẹ̀ mọ ìró yẹn. A wá gbọ́ ohùn èèyàn nínú sípíkà, ó jìnnà, ó ń ké bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

"Ládépọ̀! Ládépọ̀!"

Ohùn Mọ́mì ni. Mọ́mì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnu wọn pa dé.

Ó dákẹ́. Kò tiẹ̀ kùn mọ́. Iná ṣì wà lára ampilifáyà.

Bọ̀dá Ládépọ̀ bọ́ gìtá lọ́rùn bí ẹni gbé ẹyin. Wọ́n gbé e fún mi.

"Gbé e lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Tí mo bá ní kí o gbé e wá, má gbé e wá."

Oṣù mẹ́ta rèé. Wọn ò tíì fọwọ́ kan gìtá látìgbà náà. Oko kòkó bàbá wọn ni wọ́n ń lọ. Àmọ́ ẹgbẹ́ yẹn ti ránṣẹ́ pè wọ́n sí eré ńlá kan ní Jámánì. Bọ̀dá Ládépọ̀ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí.

"Gìtá mi dà?"

"Sà, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má gbé e wá."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Mi ò mọ iṣẹ́ míì, Ọmọ́lẹ́wà. Wò ó, ṣé ọwọ́ ẹni tó ń ro oko nìyí?"

Tí wọ́n bá pè tán, Mọ́mì náà á pè. Wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Má gbé e fún un. Jọ̀ọ́."

Mo sọ fún Bọ̀dá Ládépọ̀ pé gìtá náà bàjẹ́, pé mi ò tíì tún un ṣe tán. Wọ́n ní kò burú, àwọn máa wá gbé e fúnra àwọn lọ́jọ́ Ajé.

Ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é.