Bí Ọ̀fun Ọ̀gá Igbe Ṣe Ya

Ọ̀rẹ́ mi, bí ẹni tí o fọkàn tán bá ti dà ọ́ rí, jókòó ká jọ gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan.

Olórin sóòlù àti fọ́ǹkì ni, orin ijó tó ti ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wá. Bí orin bá gbóná, yóò ké igbe kan láti ẹ̀yìn ọ̀fun, igbe tó há tó sì tún dùn, gbogbo èèyàn á dìde jó, ìjókòó á ṣófo. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ọ̀gá Igbe. Ó gbéra ga débi pé kì í kí ẹni tó ń bá a tún makirofóònù ṣe.

Nígbà tó yá, kókó yọ sí i lọ́fun. Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá pariwo pẹ́nrẹ́n, ohùn yẹn ti lọ nìyẹn." Ọ̀gá Igbe wá ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé bí ọmọ iléèwé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó yà sí yàrá tí ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ti ń ṣe ìdánrawò. Kó tó ṣílẹ̀kùn, ó gbọ́ igbe ara rẹ̀ nínú ilé. Àbúrò rẹ̀ tó ń ta gìtá, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń kọ́ olórin mìíràn: "Fún ọ̀fun pọ̀ díẹ̀ sí i. Wọn ò ní mọ̀ pé kì í ṣe bùrọ̀dá." Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà!

Ó dùn ún wọ egungun. Ó gbàgbé dókítà. "Ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ!" ló fi gbogbo agbára ké, ọ̀fun sì ya. Láti ọjọ́ náà, kò lè sọ̀rọ̀ ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ.

Kò sẹ́ni tó yọjú sí i mọ́, àfi obìnrin kan tó máa ń gbè é lórin nígbà tí ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ojú ti Ọ̀gá Igbe, nítorí obìnrin yìí ló ni igbe náà! Ẹnu rẹ̀ ni Ọ̀gá Igbe ti kọ́ ọ, tó sì lé obìnrin náà kúrò nínú ẹgbẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò wá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́," ni obìnrin náà wí. "Mo dì yín sínú fún ọdún mẹ́jọ. Jésù ló gba ìbínú náà lọ́wọ́ mi. Mo ti dárí jì yín."

Ọ̀gá Igbe bú sẹ́kún. "Èmi ni mo kọ́kọ́ dalẹ̀. Èpè tí mo ṣẹ́, orí ara mi ni mo ṣẹ́ ẹ lé. Ṣé Ọlọ́run lè gba irú mi?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ Jésù da òun náà. Ó sì kú fún wọn."

Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀run gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀: "Mo ti dárí jì ọ́. Igbe yẹn kì í ṣe tèmi rárá. Obìnrin tó ń gbè mí lórin níbẹ̀rẹ̀ ló ni ín. Lọ bẹ̀ ẹ́."

Ìwọ ńkọ́, òǹkàwé? O mọ orúkọ gbogbo àwọn tó dà ọ́. Àwọn tí ìwọ dà ńkọ́? Má dúró dìgbà tí ọ̀fun bá ya. Níbi tí o jókòó sí yìí, ké pe Jésù lónìí. Bí kò bá ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ, yóò gbọ́.